Ìdí tí Adágún Àárín Ìlú Fi Ń Tètè Di Ọbẹdò: Iṣẹ́ Àwọn Ẹ̀dá Wẹ́wẹ́ Inú Omi

Nígbà tí omi adágún tó wà láàárín ìlú bá ṣú, tí ọbẹdò sì bò ó lójú, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé ìdọ̀tí ìlú ló ba omi náà jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì kejì ni pé àwọn ẹ̀dá tó yẹ kí wọ́n máa jẹ ọbẹdò náà kò sí níbẹ̀ mọ́, tàbí pé àwọn tó kù nínú wọn kéré ju ohun tó lè jẹ ẹ́ tán lọ. Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí kéré débi pé ẹni tó ń kọjá lẹ́bàá omi kò ní kíyè sí wọn, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi í ka àìsí wọn sí àdánù. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí ìgbòòrò ìlú ṣe ń yí àwùjọ àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ yìí padà, nítorí ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Wọ́n rò pé ńṣe ni ìlú ń pa gbogbo ohun abẹ̀mí inú omi, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń ṣe jù lọ ni pé ó ń dá àwọn kan sí, ó sì ń lé àwọn mìíràn lọ, àwọn tó tóbi tí wọ́n sì ń jẹun dáadáa ló sì sábà máa ń lé.

Adágún kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, irú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 2 lọ: omi inú ọgbà ìgbafẹ́, kòtò ńlá tí wọ́n gbẹ́ láti máa gba àgbàrá òjò, ihò tí wọ́n ti wa amọ̀ tàbí òkúta nígbà kan rí tí omi sì ti kún. Omi irú àwọn adágún bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, wọn kò sì jìn, nítorí náà ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó yí wọn ká ni wọ́n máa ń tètè mọ̀ lára. Oòrùn ọjọ́ díẹ̀ tó láti mú wọn gbóná, òjò ńlá kan ṣoṣo sì tó láti yí ohun tó wà nínú omi wọn padà. Ilẹ̀ tó yí wọn ká ọ̀hún kò sì dúró sójú kan. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn ayé ló ń gbé ní ìlú ńlá, àti pé yóò tó ìdá 68 nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2050.

Nínú omi bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ́ ẹ̀dá wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni àwọn rotifer, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó ìdajì mìlímítà kan, tí wọ́n ní irun tín-ín-rín yí ẹnu ká, tí irun náà sì ń fa omi mọ́ra bí wọ́n ṣe ń jẹun. Èkejì ni àwọn copepod, tí gígùn wọn sábà máa ń wà láàárín ìdajì mìlímítà sí mìlímítà 2, tí wọ́n sì máa ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì nígbà tí nǹkan bá dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀kẹta, tí n ó máa dárúkọ jù lọ, ni Daphnia àti àwọn ìbátan rẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí a sábà ń rí, Daphnia magna, lè gùn tó mìlímítà 5, débi pé ẹni tó bá bu omi sínú ìgò tó mọ́, tí ó sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, yóò rí i bó ṣe ń ta kàn-ìn kàn-ìn lọ sókè lọ sódò. Jan Swammerdam, onímọ̀ ará Netherlands, ti ṣàpèjúwe irú ẹ̀dá yìí láti ọdún 1669. Ara rẹ̀ mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rí ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń lù, oúnjẹ tó wà nínú ìfun rẹ̀, àti ẹyin tó gbé sẹ́yìn, bí ó bá ti ní awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lójú tèmi, kò sí ohun tó rọrùn tó èyí láti fi han ọmọdé bí ara ohun abẹ̀mí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà tí Daphnia ń gbà jẹun ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà nínú èèpo ara rẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́ tó sún mọ́ra bí ojú asẹ́. Bó ṣe ń mi àwọn ẹsẹ̀ náà ni omi ń gba àárín wọn kọjá, tí ọbẹdò wẹ́wẹ́ àti bakitéríà inú omi sì ń há síbẹ̀, kí ó tó kó wọn sẹ́nu. Omi tí Daphnia kan lè sẹ́ báyìí láàárín wákàtí kan kì í ju mìlílítà mélòó kan lọ, ó sì lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí 50 nínú wọn bá wà nínú lítà omi kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sẹ́ mìlílítà 1 péré ní wákàtí kan, wọn yóò ti sẹ́ ju lítà náà lọ láàárín wákàtí 24. Ìtumọ̀ èyí ni pé gbogbo omi adágún náà lè gba inú ẹsẹ̀ wọn kọjá lójoojúmọ́. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ó wọ́pọ̀ pé kí omi adágún ṣàdédé mọ́ gaara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé Daphnia ti pọ̀ tó láti jẹ ọbẹdò inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn fúnra wọn sì tún jẹ́ oúnjẹ fún ọmọ ẹja, fún ọmọ lámilámi tó ń gbé inú omi kí ó tó híyẹ̀ẹ́, àti fún ọ̀pọ̀ kòkòrò omi mìíràn. Àárín ọbẹdò àti ẹja ni wọ́n wà, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí wọn kì í mọ sọ́dọ̀ wọn nìkan.

Bí wọ́n ṣe ń bímọ náà yẹ kí a mọ̀, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí a lóye ohun tí ìlú ń ṣe sí wọn láti ìran dé ìran. Nígbà tí nǹkan bá rọ̀ṣọ̀mù, abo ni gbogbo wọn, abo kọ̀ọ̀kan sì ń bí àwọn ọmọ tó jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀ láìsí akọ. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí oúnjẹ sì wà, ọmọ tí wọ́n bí lónìí lè ti máa bímọ tirẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣòro bá ń bọ̀, bóyá oúnjẹ ń tán, tàbí òtútù ń wọlé, tàbí omi ń gbẹ, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bí akọ, akọ àti abo a sì gùn, abo a wá yé ẹyin mìíràn tó wà nínú èèpo dúdú líle. Ẹyin yìí máa ń rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, níbẹ̀ ni yóò sì sùn sí títí ìgbà mìíràn tí nǹkan yóò fi dára. Oorun náà lè gùn ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wa ẹrẹ̀ láti ìsàlẹ̀ adágún, wọ́n sì ti mú kí ẹyin tó ti lo ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún níbẹ̀ di ọmọ. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú kí àwọn kan tí wọ́n ṣírò pé wọ́n ti wà nínú ẹrẹ̀ fún nǹkan bí 600 ọdún di ọmọ. Ẹrẹ̀ tí a ń pè ní ìdọ̀tí yìí ni ibi ìpamọ́ tí irú-ọmọ adágún náà wà.

Wàyí o, kí ló dé tí títóbi àti kíkéré fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé Daphnia ńlá lè jẹ ọbẹdò kékeré àti èyí tó tóbi díẹ̀, ó sì ń sẹ́ omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé rotifer ń jẹ kìkì àwọn tó kéré jọjọ, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jẹ wọ́n. Adágún méjì lè ní iye ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kan náà nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan máa mọ́ gaara kí èkejì sì di ọbẹdò, bí ó bá jẹ́ pé Daphnia ló wà nínú ti àkọ́kọ́ tí ó sì jẹ́ rotifer nìkan ló kún inú ti kejì. Ẹni tó bá kàn ka iye wọn láìwo bí wọ́n ṣe tóbi tó yóò ṣi ọ̀rọ̀ náà túmọ̀. Ní ọdún 1965, àwọn onímọ̀ méjì, John Brooks àti Stanley Dodson, fi àwọn adágún ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà hàn gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: níbi tí ẹja tó ń jẹ ẹ̀dá wẹ́wẹ́ bá ti wọlé, àwọn ńlá ń pòórá, àwọn kékeré sì ń gba ipò wọn. Ohun tí ìlú ń ṣe kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé kì í ṣe ẹja nìkan ló fi ń ṣe é.

Ooru ni n ó kọ́kọ́ mú. Kọnkéré àti ọ̀dà ojú títì máa ń gba oòrùn sára ní ọ̀sán, wọn a sì máa tú u jáde ní òru, igi tó yẹ kó ṣíji bo ilẹ̀ sì ti dín kù, nítorí náà àárín ìlú sábà máa ń gbóná ju ìgbèríko tó yí i ká lọ. Adágún ń pín nínú ooru yìí. Nígbà tí àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù fi ẹ̀rọ wọn ooru omi nínú àwọn adágún ìlú àti ti ìgbèríko, wọ́n rí i pé ti ìlú lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 3 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì gbóná ju ti ìgbèríko lọ. Lójú ènìyàn, ìwọ̀n 3 lè má jọ nǹkan kan. Lójú ẹ̀dá tí ara rẹ̀ kò ní ooru tirẹ̀, tó jẹ́ pé bí omi bá ṣe rí ni ara òun náà ṣe ń rí, nǹkan ńlá ni. Bí ooru ṣe ń pọ̀ ni ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kíákíá, tí ó sì ń béèrè ọ́síjìn púpọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ bí omi ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn tí ó lè gbà mọ́ra ń dín kù. Lítà omi tó mọ́ lè gba nǹkan bí mìlígíráàmù 11 ọ́síjìn nígbà tí ooru rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n 10, ṣùgbọ́n kò lè gbà ju nǹkan bí 7.5 lọ nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n 30.

Ibi tí kíkéré ti di èrè nìyí. Inú omi tó yí i ká ni ẹ̀dá wẹ́wẹ́ ti ń fa ọ́síjìn, ara kékeré sì ní awọ púpọ̀ tó fara kan omi ju bí ìwọ̀n ara rẹ̀ ti tó lọ, èyí tó jẹ́ kó rọrùn fún un láti rí ohun tó tó mí. Ara ńlá kò ní àǹfààní yìí. Daphnia ní ọgbọ́n kan tó fi ń bá àìtó ọ́síjìn jà: ó lè mú kí èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i, débi pé nínú omi tí ọ́síjìn kò tó, ara rẹ̀ tó mọ́ gaara yóò pọ́n. Ṣùgbọ́n agbára ni ó ń ná sí èyí, agbára tí ì bá fi dàgbà tàbí kí ó fi yé ẹyin. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí Leuven yìí kan náà tẹ ìwádìí kan jáde lórí Daphnia magna. Wọ́n kó wọn láti inú adágún ìlú àti ti ìgbèríko, wọ́n sì tọ́ gbogbo wọn nínú ooru kan náà, kí ó má bàa jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti wá ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ìlú fara da ooru ju ti ìgbèríko lọ, ara wọn sì kéré. Ohun tí èyí ń fi yé wa ni pé ìyàtọ̀ náà ti wọ inú àbùdá tí òbí ń fún ọmọ. Ìlú ti mọ ìran tuntun, láàárín ìwọ̀nba ọdún tí ilé àti títì fi yí adágún náà ká. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwádìí mìíràn ní Bẹ́ljíọ̀mù tún fi hàn pé kì í ṣe láàárín irú kan nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ọ̀wọ́ ẹ̀dá, ti inú omi àti ti orí ilẹ̀, àwọn irú tó kéré ló ń gba ipò àwọn tó tóbi níbi tí ìlú bá ti gbóná.

Lẹ́yìn ooru, ẹja ni, ibí yìí sì ni inú rere ènìyàn ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ adágún kékeré ni kò ní ẹja látilẹ̀wá, nítorí pé wọ́n máa ń gbẹ nígbà mìíràn tàbí nítorí pé kò sí odò tó wọ inú wọn. Nígbà tí ìlú bá dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan á da ẹja sí wọn fún ẹwà, àwọn mìíràn á tú ẹja tí wọn kò fẹ́ sìn nílé mọ́ sínú wọn, àwọn alákòóso á sì fi ẹja sí wọn kí ó lè jẹ tanwíjí. Ẹja Gambusia ni wọ́n ti kó káàkiri ayé jù lọ nítorí ẹ̀fọn. Ní ọdún 1972, Stuart Hurlbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California kọ nípa ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi ẹja yìí sínú àwọn adágún ìdánwò kéékèèké, tí wọn kò sì fi sínú àwọn mìíràn. Níbi tí ẹja wà, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ dín kù gidigidi, ọbẹdò sì pọ̀, omi sì ṣú. Ojú ni ẹja fi ń wá oúnjẹ, Daphnia ńlá ló sì kọ́kọ́ ń rí. Ẹni tó fẹ́ kí adágún lẹ́wà tí ó sì da ẹja sí i lè jẹ́ ẹni tó sọ ọ́ di ọbẹdò láìmọ̀, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, nítorí ohun tó ṣe hàn gbangba bí oore.

Ṣùgbọ́n ọbẹdò kò lè pọ̀ láìjẹ pé ó rí ohun jẹ, àgbàrá ìlú ló sì ń gbé e wá fún un. Nínú igbó tàbí pápá, ilẹ̀ máa ń fa òjò mu díẹ̀díẹ̀. Lórí kọnkéré, kò sí ibi tí omi yóò gbà wọlẹ̀, nítorí náà ńṣe ló ń sáré gba gọ́tà lọ sínú adágún, tòun ti ajílẹ̀ orí koríko, ìgbẹ́ ẹran, ewé tó jẹrà, omi ìdọ̀tí tó jò láti inú páìpù, àti iyanrìn ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń bọ́ ọbẹdò jù lọ. Ìdánwò tó fi èyí hàn kedere jù ni èyí tí David Schindler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973 nínú adágún kan ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, tí wọ́n ń pè ní Lake 226. Wọ́n fi aṣọ ìdínà pín adágún náà sí méjì. Wọ́n fi kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí apá méjèèjì, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún. Apá yẹn ni ọbẹdò bò, ti ìkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè wá di ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ ìjọba fi gbà pé ó yẹ kí wọ́n dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọṣẹ ìfọṣọ kù.

Nígbà tí ohun ìbọ́ yìí bá pọ̀ jù, kì í ṣe gbogbo ọbẹdò ló ń jàǹfààní bákan náà. Àwọn tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria, tí wọ́n jẹ́ bakitéríà ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ bíi ti ewéko, ló sábà máa ń borí nínú omi gbígbóná. Àwọn kan nínú wọn gùn bí okùn, àwọn mìíràn sì ṣù jọ, tí wọ́n fi ń há sí ẹsẹ̀ Daphnia; àwọn kan tilẹ̀ ní májèlé. Oúnjẹ kún inú omi, ṣùgbọ́n kò ṣeé jẹ. Síbẹ̀, níhìn-ín náà, ìran àwọn ẹ̀dá yìí ń yípadà. Adágún Constance, tó wà láàárín Jámánì, Switzerland àti Austria, gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀ láti àwọn ìlú tó yí i ká láàárín ọdún 1960 sí 1980, kí wọ́n tó tún un ṣe. Àwọn olùwádìí mú kí ẹyin Daphnia láti inú ẹrẹ̀ oríṣiríṣi ọdún di ọmọ, èsì tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1999 ni pé àwọn tó wá láti ẹ̀yìn ìgbà tí cyanobacteria ti pọ̀ lè fara da oúnjẹ burúkú náà ju àwọn baba ńlá wọn lọ. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún náà ló pa àkọsílẹ̀ yìí mọ́.

Iyọ̀ wà lára ohun tí àgbàrá ń gbé wá, pàápàá ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Sìmẹ́ǹtì tó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ tún ń fi tirẹ̀ kún un. Iye tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé kí kiloráìdì, èròjà inú iyọ̀, má kọjá nínú omi bí ó bá máa pẹ́ níbẹ̀ ni mìlígíráàmù 230 nínú lítà kan. Ti Kánádà ni 120. Ní ọdún 2022, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ibi 16 ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù fi hàn pé ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ibi náà, iyọ̀ tí kò tilẹ̀ kọjá àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ti tó láti dín ọ̀wọ́ kan nínú àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kù sí ìdajì. Ìwọ̀n tí òfin pè ní aláìléwu kò dáàbò bo àwọn tó ń fọ omi náà mọ́, mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò.

Ní ti májèlé gidi, àwọn bíi bàbà láti ara bíréèkì ọkọ̀, síǹkì láti ara táyà àti páànù, àti oògùn apakòkòrò, Daphnia fúnra rẹ̀ ni àwọn ilé àyẹ̀wò káàkiri ayé fi ń díwọ̀n wọn. Wọn a kó ó kéré tán 20 nínú àwọn tí kò tíì pé ọjọ́ kan láyé sínú omi tó ní kẹ́míkà náà, lẹ́yìn wákàtí 48 wọn a ka iye tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Àyẹ̀wò tó wúlò ni, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣi àwọn ará ìta lọ́nà. Kẹ́míkà tí kò pa Daphnia lọ́jọ́ méjì ṣì lè jẹ́ kí ọmọ tí yóò bí dín kù, kí ó lọ́ra, kí ó má lè sá fún ọ̀tá, àdánù bẹ́ẹ̀ sì tó láti pa ìran rẹ̀ run nínú adágún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí òkú kan. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò mìíràn fi wà tó ń gba ọjọ́ 21, tí wọ́n fi ń ka iye ọmọ tí wọ́n bí.

Iná alẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ní ọ̀sán, Daphnia máa ń sá lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn kí ẹja má bàa rí i, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, yóò gòkè wá jẹ ọbẹdò tó wà lójú omi. Nínú adágún kan lẹ́bàá ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí rí i pé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìlú bá ti kan omi, iye Daphnia tó gòkè dín kù, wọn kò sì gòkè tó bó ṣe yẹ.

Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń ṣe ní orúkọ ìmọ́tótó. Wọn a fi kọnkéré mọ etí adágún, wọn a fa òṣíbàtà àti ewéko inú omi tu, wọn a fa omi rẹ̀ gbẹ, wọn a sì gbá ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù pátápátá. Àárín ewéko wọ̀nyẹn ni Daphnia ń sá pamọ́ sí fún ẹja. Àwọn ewéko náà sì ń bá ọbẹdò du fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹrẹ̀ tí wọ́n sì kó lọ ni gbogbo ẹyin tó ń sùn wà nínú rẹ̀. Ní ìgbèríko, ẹyẹ omi àti ìkún omi lè gbé ẹyin láti adágún kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n nínú ìlú tí ilé àti títì ti là wọ́n níyà, adágún tó bá pàdánù ẹyin tirẹ̀ lè dúró pẹ́ kí ó tó rí òmíràn gbà.

Mo ti to àwọn nǹkan wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè yé wa, ṣùgbọ́n nínú omi gidi, ńṣe ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ooru ń mú kí májèlé mìíràn le sí i; ẹja ń kó àwọn ńlá tí ooru ṣẹ́kù jẹ; fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń bọ́ ọbẹdò tí kò ní ohun tó ń jẹ ẹ́ mọ́. Nítorí náà, adágún méjì nínú ìlú kan náà lè yàtọ̀ síra gan-an. Èyí tí kò ní ẹja, tí ewéko pọ̀ nínú rẹ̀, tí àgbàrá títì kò sì wọ inú rẹ̀, lè ní ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó dára tó ti ìgbèríko tí wọ́n ti ń da ajílẹ̀ àti oògùn oko sí. Ẹni tó bá sọ pé gbogbo adágún ìlú ti kú ti ṣàṣejù, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n rí àyè dí èyí tó ṣì ní ìyè nínú.

Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni pé bí àwọn ẹ̀dá yìí ṣe lè yípadà láti bá ìlú mu, kò sí ewu mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Daphnia tó ti kéré nítorí ooru ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n omi tí ó lè sẹ́ ti dín kù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí tọ́ Daphnia nínú omi iyọ̀ fún oṣù méjì àti ààbọ̀, èyí tó tó bí ìran 5 sí 10, wọ́n sì fara mọ́ iyọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ara wọn wò, ètò inú ara tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru ti dàrú nínú àwọn tó gba iyọ̀ púpọ̀. Ètò yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá fún ẹja. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo irú ló lè yípadà kíákíá bíi ti Daphnia, èyí tó ń bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó lọ́ra máa ń kàn lọ ni.

Fún àwọn tó ń tọ́jú adágún, ìlànà tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń wọlé kù, bóyá nípa fífi koríko àti ilẹ̀ rírọ̀ sí àárín títì àti omi kí àgbàrá lè kọ́kọ́ wọlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja tó ń jẹ ẹ̀dá wẹ́wẹ́ kúrò, kí Daphnia lè padà tóbi. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ewéko hù. Bí wọ́n bá kó ẹja nìkan tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣì ń ya wọlé, omi yóò mọ́ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún padà ṣú. Bí ó bá di dandan kí wọ́n wa ẹrẹ̀ adágún, kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀ láìwà, tàbí kí wọ́n bu díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ òkè sínú garawa, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ibi tútù tó ṣókùnkùn, kí wọ́n sì dà á padà nígbà tí omi bá tún kún. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru tó bá a mu ló ń jí ẹyin inú rẹ̀. Bí méjèèjì bá ti wà, àwọn Daphnia àkọ́kọ́ lè ti máa lúwẹ̀ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá.